Lola tiwọn, Lọlá tiwa: Lẹ́tà sí ọmọ mi tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ

Ìjẹ̀bú-Òde

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́? Bàbá rẹ ní kí n kí yín, wọ́n ní kí o máa gbé ẹsẹ̀ lé àga tí o bá ti jókòó, kí o má sì máa dúró pẹ́ nídìí iná. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo tún un gbọ́ lálẹ́ nígbà tí ilé dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè fi ohùn dá lóhùn, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan já bọ́ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

O ní ìwọ àti ọkọ rẹ ti fẹnu kò sí Lola fún ọmọbìnrin tó ń bọ̀ yìí, pé inú àwọn ará ilé ọkọ rẹ ní Spéìnì dùn gidigidi, torí orúkọ ìyá àgbà wọn tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá ni. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí rẹ pè ọ́, wọ́n ní Dolores ni wọ́n gé kúrú tó fi di Lola, pé ìrora àti ìbànújẹ́ ni Dolores, pé orúkọ ń roni, kí o má fi ọwọ́ ara rẹ so ìbànújẹ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn. O ní láti ọjọ́ náà oorun kò kùn ọ́ dáadáa mọ́.

Àṣàkẹ́, lọ sùn. Orúkọ náà dára, ẹ sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o fi kún un, màá sọ ọ́ tí mo bá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o gba ọ̀rọ̀ mi torí pé èmi ni ìyá rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí orúkọ yìí ti wá, kí ẹnikẹ́ni má lè fi dẹ́rù bà ọ́ mọ́ láyé.

Àǹtí rẹ kò purọ́. Ìfẹ́ ló sì mú wọn sọ ọ́, nítorí náà má bínú sí wọn. Ní èdè Spéìnì, ìrora ni dolor, bó bá sì ti ju ẹyọ kan lọ, ó di dolores. Ṣùgbọ́n kò sí òbí kankan níbẹ̀ tó wo ọmọ tuntun lójú tó ní “ìwọ, ìrora ni ọ́.” Orúkọ Màríà ìyá Jésù ni. Màríà Ìyá Ìrora ni wọ́n ń pè wọ́n, María de los Dolores, wọ́n sì ka ìrora méje sí wọn lọ́rùn: àsọtẹ́lẹ̀ Símẹ́ónì pé idà yóò gún ọkàn wọn, sísá tí wọ́n sá lọ sí Íjíbítì, ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wá ọmọ títí wọ́n fi rí i nínú tẹ́ńpìlì, pípàdé tí wọ́n pàdé ọmọ wọn lójú ọ̀nà Kalfári, ìkànmọ́ àgbélébùú, sísọ̀ tí wọ́n sọ òkú rẹ̀ kalẹ̀, àti ìsìnkú. Àwọn Kátólíìkì ya ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún un. Ní Spéìnì, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ náà tún jẹ́ ti Ìyá Ìrora, àwọn tó ń jẹ́ Dolores a sì máa gba ìkíni lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ àwọn obìnrin wọn ṣe rí. Mercedes, Pilar, Carmen, Rosario, Consuelo, Soledad, orúkọ tí wọ́n fi ń ké pe Màríà ni gbogbo wọn. Àdáwà ni Soledad, ìtùnú ni Consuelo. Oríkì Màríà ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ wọn.

Ìwọ náà rántí nígbà tí mo wá bá yín ní Sevilla ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, tí ọkọ rẹ mú wa lọ dúró sí ìkóríta tóóró yẹn ní òru. Ère Màríà ń bọ̀ lábẹ́ ìbòrí, àbẹ́là jó rẹrẹ níwájú rẹ̀, aṣọ ìlékè rẹ̀ gùn wọ́ ilẹ̀, wúrà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó rù ú wà lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ wọn nìkan là ń rí. Olórí wọn fi irin kan gbá iwájú pẹpẹ ńlá tí ère náà dúró lé, wọ́n sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìkóríta mì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni mo rí i pé omijé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, ẹ̀kán-ẹ̀kán, dígí ni wọ́n fi ṣe é, iná àbẹ́là sì ń tàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá kan tó dúró tì mí kígbe sí i pé “Guapa!” Mo bi ọkọ rẹ pé kí ni wọ́n ń wí. Ó ní wọ́n ń sọ pé arẹwà ni. Gbogbo òpópónà wá gbà á, arẹwà, arẹwà, sí obìnrin tó ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ojú tí Àǹtí rẹ fi ń wo Dolores kọ́ ni àwọn tó ni ín fi ń wò ó. Ẹni tí ìrora bá tí kò sì sá lọ, tó dúró ti ọmọ rẹ̀ títí dé ìdí àgbélébùú, ni wọ́n fi ń sọ ọmọ wọn.

Àǹtí rẹ fi Jábésì ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Mo mọ̀ pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la ti gba àdúrà Jábésì nínú ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ẹsẹ náà tán. Kíróníkà Kìíní, orí 4, ẹsẹ 9. Nínú ẹsẹ kan náà tí ìyá rẹ̀ ti ní òun bí i pẹ̀lú ìrora, ibẹ̀ náà ni Bíbélì ti sọ pé ọlọ́lá ni láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀, pé ó tayọ wọn. Ìrora àti ọlá, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe nígbà tí mo tún un kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwa tí a ní orúkọ ń roni ńkọ́, irú orúkọ wo là ń sọ ọmọ? Ìdílé wo ni wọn kò ti ní Rẹ̀mí? Nínú ilé púpọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ni Rẹ̀mí: ìyá ti sunkún, ọmọ wá dé láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹkún wà nínú orúkọ náà gbangba, síbẹ̀ bí a bá ké pe Rẹ̀mí kó wá jẹun, ta ló ń rántí ẹkún? A ti gé e kúrú, apá tó rọ ọkàn ló kù lẹ́nu wa. Ohun tí àwọn ará Spéìnì ṣe sí Dolores náà nìyẹn. Wọ́n fi ìrora sílẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi, wọ́n mú Lola wá sílé.

Ẹkúndayọ̀ náà wà níbẹ̀. Ká má tíì dé orí orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. O mọ ìtumọ̀ èyí tó kẹ́yìn yẹn, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ òbí tó ti sin ọmọ títí ó sú u ni. Ẹni tó jẹ́ orúkọ náà sì jọba ní Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́, láti 1845 títí di 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò lórí oyè. Orúkọ tí a fi bẹ ọmọ pé kó má kú, òun ló gbé dé orí ìtẹ́.

Èmi náà gbà pé orúkọ ń roni. Mi ò ní sọ fún ọ láé pé ọ̀rọ̀ asán ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó sọ ọmọ lórúkọ ló ń ro ọmọ, àti bí wọ́n ṣe ń pè é lójoojúmọ́. Ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọ yìí, ṣé ẹni ìbànújẹ́ ni wọ́n? Mo bá wọn jókòó. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò gbọ́ Spánìṣì, síbẹ̀ odindi ọ̀sán kan la fi jọ wà nínú ilé ìdáná wọn, tí à ń bó ẹ̀wà tútù gbẹ̀ǹgbẹ̀-gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn kúrò nínú èèpo. Bí mo bá bó èyí tó dára, wọ́n á gbọn orí. Bí mo bá já a sí méjì, wọ́n á rọra mú un lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n ń dúpẹ́ pé mo yọ̀ǹda rẹ fún ọmọ wọn.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú nílé tiwa, tí ọmọbìnrin kan dé lẹ́yìn wọn, kí là bá pè é? Yétúndé ni, tàbí Ìyábọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kò sọ pé ìyá padà wá, orúkọ ìyá gan-an ni wọ́n gbé fún ọmọ, ó tán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ kọ irú ẹ̀bùn yẹn.

Ó yá, tiwa wá kù. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ ní Ìjẹ̀bú, ní Èkó, ní Peckham ní London lọ́hùn-ún, yóò rò pé Yorùbá ni. Lọlá pọ̀ láàárín wa, èmi nìkan mọ tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlá wà nínú rẹ̀: iyì, àpọ́nlé, kí ènìyàn wọlé kí wọ́n sì dìde fún un. Owó nìkan kọ́. Ibi tí orúkọ náà ti dùn mọ́ mi nìyí, pé ọmọ kan náà yóò máa jẹ́ ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, yóò sì máa jẹ́ èkejì lọ́dọ̀ mi, láìjẹ́ pé ẹnì kan yí ẹnu padà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n Lọlá kò dá dúró rí ní ilẹ̀ wa. Ìdajì ni. “Ni ọlá” ni, kí ló wá jẹ́ ọlá? Iwájú orúkọ ni ìdáhùn wà, iwájú yẹn sì ni ìdílé máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ilé tó ti ń retí ọmọ pẹ́ a ní Ọmọlọlá. Ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ títí a ní Títílọlá. Ọmọ tí kò bá ní ju Lọlá lọ lórí ìwé, wọ́n ti já iwájú gbólóhùn rẹ̀. Yóò dàgbà tán, ọmọ Yorùbá kan yóò bi í ní yunifásítì pé Lọlá wo nìyẹn, kò sì ní rí nǹkan kan sọ. Ohun tí mo ní kí o fi kún un nìyẹn: iwájú orúkọ.

Èyí tí mo mú wá fún yín ni Ìwàlọlá. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí o ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, bàbá rẹ náà sì ti fọwọ́ sí i. Ìwà ni mo rí lára ìyá yẹn nínú ilé ìdáná, láìgbọ́ èdè ara wa. Bí ọmọ bá wá ń jẹ́ Ìwàlọlá, òun náà la fi sọ, lédè tiwa. Tí ẹ bá ní òmíràn lọ́kàn, ẹ sọ fún wa, kò ní bí wa nínú. Ṣùgbọ́n kó ṣáà ní iwájú.

Ẹ má da ara yín láàmú lórí ohùn. Wọn yóò gbé ohùn sókè níwájú, wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń pe tiwọn nìyẹn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwọ ṣáà máa pe Ìwàlọlá pé pérépéré nínú ilé láti ọjọ́ kìíní. Ohùn tí ọmọ bá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni yóò fi dáhùn.

O tún sọ pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ ní orúkọ náà ti pọ̀ jù, pé gbogbo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń jẹ́ Lola báyìí. Òótọ́ ni pé ó ń lọ gan-an. Ọkọ rẹ ṣàlàyé ọ̀kan fún mi tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: láyé àtijọ́, òfin wọn kò gbà kí òbí kàn fi ìkékúrú orúkọ sínú ìwé ìbí bó ṣe wù wọ́n, Dolores ni ẹ ó kọ, ẹ lè máa pe Lola nílé. Òfin ọdún 2007 ló mú ìdènà yẹn kúrò. Látìgbà náà ni Lola ti ń dá dúró lórí ìwé, tí Dolores sì ń di orúkọ àwọn ìyá àgbà. Àwọn ará Andalucía pàápàá, ẹkùn tí Sevilla wà, ní ìdí tiwọn láti fẹ́ràn rẹ̀. Lola Flores, akọrin àti oníjó tí wọ́n bí ní Jerez ní 1923 tó sì kú ní 1995, ọmọ wọn ni, María Dolores ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní France, orúkọ náà wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí láàárín ọdún 2000 sí 2010. Ní Ìlú Ọba náà, ó ti wọ inú ọgọ́rùn-ún orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin jù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn Lọlá tiwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ń kà, torí wọn kì í kọ àmì.

Òkìkí orúkọ kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, obìnrin ará Ireland kan tó ń jẹ́ Eliza Gilbert kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní oníjó ará Spéìnì, Lola Montez. Ó jó dé Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, Ọba Ludwig Kìíní ti ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi tó fi jẹ ẹ́ lóyè, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1848. Dolores fúnra rẹ̀ lókìkí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, ẹ wo ibi tó wà lónìí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ torí pé ó ń lọ lẹ ṣe mú un, mi ò bá ní kí ẹ dúró. Torí ẹni tó jẹ́ ẹ rí lẹ ṣe mú un. Bí Lola mẹ́rin bá wà ní kíláàsì rẹ̀, ẹyọ Ìwàlọlá kan ni yóò wà níbẹ̀.

Kékeré kan: ẹ má jẹ́ kí Lolita mọ́ ọn lára. Ní Spéìnì, ìkẹ́ lásán ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1955 tí ìwé ìtàn kan ti bà á jẹ́, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan tí kò yẹ ọmọdé ló ń wá sí àwọn ènìyàn lọ́kàn. Ọmọ yín yóò rin ìrìnàjò, yóò ní ìbátan ní London. Ìkẹ́ míì pọ̀.

Àwọn ará Philippines sì rèé, tí Spéìnì jọba lé lórí fún ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, ìyá àgbà ni wọ́n ń pè ní lola. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi. Inú mi dùn sí i, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ó wá ku ètò, èyí ni kí o fetí sí jù. Ọkọ rẹ ní ilé ìwòsàn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ẹ má kánjú kọ ọ́. Ó ní bí ẹ kò bá ṣe é níbẹ̀, ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá láti lọ sí ilé ìforúkọsílẹ̀ fúnra yín. Ọjọ́ kẹjọ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọmọ lórúkọ bó ṣe yẹ, kí ẹ tó gbé e lọ fún akọ̀wé ní ọjọ́ kejì. Mi ò fẹ́ kí ìjọba mọ orúkọ ọmọ mi kí orógbó tó kàn án lẹ́nu. Tún bi wọ́n kí ẹ má baà pàdánù ọjọ́.

Orúkọ méjì péré ni òfin wọn gbà kí ọmọ jẹ́ ṣáájú orúkọ ìdílé. Lola Ìwàlọlá, ó pé. Àwọn orúkọ yòókù tí àwọn àbúrò bàbá rẹ yóò fẹ́ sọ ọ́, ìwé kò ní gbà wọ́n, ẹnu wa yóò gbà wọ́n. Ohun tó tún wù mí nínú ètò wọn ni pé orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá ni ọmọ ń jẹ́ papọ̀. Bàbá rẹ kò sọ nǹkan kan nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Oríkì rẹ̀ ni Àjọkẹ́. Ẹ kò ní láti kọ ọ́ síbì kankan, èmi ni màá máa pè é. Àwa tí a fẹ́ kẹ́ ẹ pọ̀, a sì wá láti ọ̀nà jíjìn méjì.

Mo ti ra orógbó àti ataare. Ẹ ra oyin àti iyọ̀ lọ́hùn-ún, mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró ní pápákọ̀ òfurufú nítorí oyin. Wá abọ́ tánganran kan tó mọ́ fún omi. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé àwọn náà yóò sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ náà, àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ pe Lola, kí wọ́n mú owó díẹ̀ dání tí wọn yóò jù sínú omi. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èló, sọ pé èyíkéyìí.

Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ